Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Mú? Mo Tún Ọ̀rọ̀ Mi Wò lórí Ẹgbẹ́ Moderaterna ti Swídìn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń tú àwọn páálí ìwé tí mo kó wálé nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo sì bá ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan pàdé tí igun rẹ̀ ti pọ́n. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kọ́ńsáfétífù ní Skandinéfíà ni. Ọdọọdún ni mo máa ń kà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín. Ní ìparí rẹ̀, gbólóhùn kan wà tí mo fi yíǹkì pupa fa ìlà sí nídìí: ẹgbẹ́ apá ọ̀tún tí ètò rẹ̀ bá lágbára ló máa ń lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláṣejù.

Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn púpọ̀. Ó rọrùn, ó sì dùn ún há sórí. Àmọ́ bí mo ṣe tún un kà báyìí, mo rí i pé kò tọ́ tó bí mo ṣe rò. Àgbà tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tí kò sì fẹ́ tún un sọ, àwọn ọmọ ló ń ṣì lọ́nà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí o. Lọ́dún 2017, Daniel Ziblatt, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard, tẹ ìwé kan jáde tó pe àkọlé rẹ̀ ní Conservative Parties and the Birth of Democracy. Nígbà tí mo kà á tán, inú mi dùn bíi ti ẹni tí adájọ́ dá láre. Ó ti mọ́ wa lára láti máa sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ tàbí àwọn oníṣòwò ló bí ìjọba tiwa-n-tiwa ní Yúróòpù. Ziblatt ní ká yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ká wo àwọn tí ìjọba tiwa-n-tiwa fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn: àwọn onílẹ̀, àwọn ìjòyè, àwọn olówó. Kí ló ń mú kí irú wọn gbà kí tálákà dìbò? Èsì rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń gbà bí wọ́n bá ní ẹgbẹ́ tó létò, tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìbò, tí ọkàn wọn fi balẹ̀ pé bí àwọn bá já lónìí, àwọn lè wọlé lọ́la. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe àpẹẹrẹ rere. Jámánì ló fi ṣe àpẹẹrẹ búburú: níbẹ̀, ẹgbẹ́ apá ọ̀tún kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, tó fi jẹ́ pé lọ́dún 1928, Alfred Hugenberg, olówó tó ni ìwé ìròyìn àti ilé iṣẹ́ fíìmù, gba ìdarí ẹgbẹ́ DNVP, ó sì fà á lọ sọ́dọ̀ Hitler.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ló gbé ìwé náà ró. Èmi wá ń fi Swídìn ṣe ẹ̀rí kẹta nínú kíláàsì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í mẹ́hẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1904 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Stockholm. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ni Allmänna valmansförbundet, ìyẹn Àjọ Gbogbogbòò Àwọn Olùdìbò. Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn dáadáa. Kò sí "ẹgbẹ́ òṣèlú" nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni kó ṣètò ìpolongo ìbò fún àwọn olùdíje apá ọ̀tún káàkiri ilẹ̀ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ti dá ẹgbẹ́ tiwọn, Socialdemokraterna, sílẹ̀ láti 1889. Àwọn líbẹ́rà ti ní àjọ tiwọn ní 1902. Apá ọ̀tún ló dé kẹ́yìn. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò tíì jó, kí ló fẹ́ fi garawa omi ṣe?

Ilé wọn kò sì tíì jó lóòótọ́. Nígbà yẹn, nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìgbèríko Swídìn, ọrọ̀ èèyàn ló ń sọ iye ìbò tó ní. Ẹnì kan ṣoṣo lè ní tó 5000 ìbò, ilé iṣẹ́ pàápàá sì ń dìbò! Àwọn tí ìdìbò yìí bá gbé wọlé ló wà nídìí yíyan àwọn aṣòfin ilé òkè. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá lówó ti jókòó sínú ilé òkè kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀.

Arvid Lindman ló yí èyí padà. Ọ̀gágun ojú omi ni, ó sì tún jẹ́ oníṣẹ́ ńlá. Ó di olórí ìjọba ní 1906. Ìjọba rẹ̀ ló gbé òfin tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí ní 1907, tí wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1909: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọkùnrin tó ti dàgbà ló ní ìbò fún ilé ìsàlẹ̀, iye ìbò tó pọ̀ jù tí ẹnì kan lè ní ní ìjọba ìbílẹ̀ sì já wálẹ̀ sí 40. Obìnrin kò sí nínú rẹ̀ o. Àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà máa ń fi èyí yangàn pé apá ọ̀tún ló fún ará ìlú ní ìbò. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Ohun tí wọ́n fi sínú òfin yẹn ni pé wọ́n á máa pín ìjókòó fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìbò tó bá ní. Inú rere kọ́ ló fà á. Wọ́n ti ṣe ìṣirò: bó bá jẹ́ pé ẹni tó bá ṣáájú ní àdúgbò ló máa kó gbogbo rẹ̀ lọ, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti rí ìbò gbà, wọ́n lè gbá apá ọ̀tún dànù nílé aṣòfin. Pẹ̀lú ìwọ̀n, ẹni tó bá ní ìdámẹ́rin ìbò á ní nǹkan bí ìdámẹ́rin ìjókòó. Ibi tí Ziblatt ti tọ̀nà jù nìyí. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní pàdánù gbogbo nǹkan kì í bẹ̀rù láti tayò.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Ọdún 1914 ńkọ́? Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì, àwọn àgbẹ̀ tó lé ní 30,000 wọ́ lọ sí ààfin ní Stockholm, wọ́n ń bèèrè pé kí wọ́n fi kún agbára ológun ilẹ̀ náà. Ọba Gustaf V jáde sí wọn ní àgbàlá ààfin, ó sì sọ̀rọ̀ tó tako ètò ìjọba Karl Staaff, olórí ìjọba tí ìbò gbé wọlé. Staaff kọ̀wé fipò sílẹ̀. Apá ọ̀tún pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó ti ní ètò fún ọdún mẹ́wàá, tó ní ìlànà ìdìbò tí òun fúnra rẹ̀ là kalẹ̀, ló ṣì sá sí ẹ̀yìn aṣọ ọba nígbà tí ìbò kò lọ bó ṣe fẹ́.

Nígbà tí wọ́n wá gbà ní ìparí 1918 pé kí gbogbo èèyàn, títí kan àwọn obìnrin, ní ìbò kan náà, kì í ṣe ìgboyà ló sún wọn. Jámánì ti dàrú, ọba ńlá ibẹ̀ ti sá lọ, ìpayà sì ti wọ Stockholm pé bóyá àwa la kàn. Ìbẹ̀rù ló rọ̀ wọ́n. Ọdún 1921 ni àwọn obìnrin Swídìn kọ́kọ́ dìbò sí ilé aṣòfin. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi, ìpínrọ̀ kékeré ni mo fún 1914. Mo gbà pé mo fi pamọ́ ni.

Ó wá kan ọdún 1934, tó jẹ́ òpómúléró gbogbo àlàyé mi. Ẹgbẹ́ náà ní ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan tó ti wà láti 1915, orúkọ rẹ̀ ni Sveriges Nationella Ungdomsförbund. Bí Hitler ṣe ń gbòòrò ní Jámánì ni àwọn ọ̀dọ́ yìí ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Ní 1934, Lindman àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ gé okùn náà. Wọn ò bá wọn pín in ní dọ́gbandọ́gba, wọn ò sì sọ pé kí wọ́n máa ṣe tiwọn ní kọ̀rọ̀. Aṣòfin mẹ́ta bá àwọn ọ̀dọ́ lọ, wọ́n sì di ẹgbẹ́ òṣèlú ọ̀tọ̀. Nígbà tí ìdìbò 1936 dé, wọ́n pàdánù àwọn ìjókòó náà. Àwọn àgbà dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mìíràn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ni ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Moderaterna tó wà títí dòní.

Iṣẹ́ akin ni, mi ò sì ní gba ìyìn rẹ̀ kúrò. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ètò tó lágbára ló jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é. Ẹ wò ó, ṣé òótọ́ ni? Ní 1934, àwọn aṣòfin apá ọ̀tún tó wà nílé òkè ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn ti ilé ìsàlẹ̀ ní tiwọn, àjọ olùdìbò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó di 1935 kí àwọn aṣòfin méjèèjì tó para pọ̀. Ìbò wọn ń jò. Ìdá 29.4 nínú 100 ni wọ́n ní lọ́dún 1928. Ní 1936, ó ti já sí 17.6. Kì í ṣe ìyapa yẹn nìkan ló fa ìjábọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kì í fẹ́ gé ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn yìí gé e. Ẹgbẹ́ tí kò tíì fara kọ́ra dáadáa, tó sì ń pàdánù, ló ti ilẹ̀kùn.

Nígbà náà, kí ló ti í? Mo rò pé ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú ni. Lindman ti lé ní 70 ọdún. Ó ti jẹ olórí ìjọba lẹ́ẹ̀mejì, kò sì wá ẹ̀kẹta. Ní 1935, ó gbé ipò olórí ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó lè san owó tí ìlẹ̀kùn títì yẹn máa ná ẹgbẹ́, nítorí kò sí gbèsè lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀yìn ìgbà yẹn. Ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ orúkọ. Ní 1938, ó di Högerns riksorganisation. Ní 1952, ó di Högerpartiet, ìyẹn Ẹgbẹ́ Apá Ọ̀tún. Fún àwa Yorùbá, ọ̀tún ni ipò iyì. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń kí àgbà, Ọ̀tún sì ga nínú ìjòyè. Àmọ́ ní Swídìn, níbi tí Socialdemokraterna ti ń ṣèjọba láti 1932, tí owó ìfẹ̀yìntì àti ilé ìwòsàn sì ti dọ́dọ̀ gbogbo èèyàn, ọ̀rọ̀ náà ti di ẹrù. Bí wọ́n bá ti ní "apá ọ̀tún," ohun tí aládùúgbò ń gbọ́ ni àwọn tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ wa. Ní 1969, wọ́n sọ ara wọn di Moderata samlingspartiet, ẹgbẹ́ àwọn oníwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ṣé orúkọ tuntun mú ìbò wá? Rárá o. Ní 1968, wọ́n ní 12.9. Ní 1970, lẹ́yìn tí wọ́n ti wẹ̀ tí wọ́n sì ti yíwọ̀, wọ́n ní 11.5!

Iṣẹ́ ló gbé wọn dìde, kì í ṣe orúkọ. Gösta Bohman tó gba ẹgbẹ́ ní 1970 sọ ọ̀rọ̀ owó orí di ohun tí gbogbo èèyàn ń jiyàn lé. Nígbà tó máa fi di 1979, wọ́n ti lé ní 20. Ní 1991, Carl Bildt di olórí ìjọba, ẹni àkọ́kọ́ láti inú ẹgbẹ́ náà láti ìgbà tí Lindman ti kúrò níbẹ̀ ní 1930. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 61. Ní 2002, wọ́n tún ṣubú sí 15.3, ni Fredrik Reinfeldt bá dé. Ó ní àwọn ò ní bá ètò ìrànwọ́ ìjọba jà mọ́, ó sì pe ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà yìí ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí gbirigbiri pẹ̀lú ẹ̀rín. Àmọ́ wọ́n dìbò fún un. Ní 2004, ó bá ẹgbẹ́ mẹ́ta mìíràn mulẹ̀. Ní 2006, wọ́n gba ìjọba. Ní 2010, ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ní 30.1.

Bó bá jẹ́ ti ètò, ẹgbẹ́ yìí wá dà bí aago. Ó ní ẹ̀ka ní àdúgbò, àjọ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ìpàdé gbogbogbòò tó ń yan olórí, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ obìnrin, ẹgbẹ́ àgbà. Lindman kò rí irú rẹ̀ rí.

Ní 2010 yẹn kan náà ni Sverigedemokraterna wọ ilé aṣòfin pẹ̀lú 5.7. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 ni, inú àwọn tó ń polongo ìran funfun àti àwọn tó ń tọ ipa Násì ni díẹ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀ ti wá. Reinfeldt ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Kàkà kó bá wọn sọ̀rọ̀, ní 2011 ó bá ẹgbẹ́ àwọn aláyìíká, Miljöpartiet, ṣe àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì. Ní oṣù Kẹjọ 2014, nígbà tí ìdìbò ku oṣù kan, ó rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n ṣí ọkàn wọn sí àwọn tí ogun ń lé. Ó pàdánù. Sverigedemokraterna gòkè dé 12.9.

Anna Kinberg Batra tó tẹ̀ lé e fi ẹsẹ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà ní oṣù Kìíní 2017, ó ní àwọn lè bá wọn sọ̀rọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ nípò. Ulf Kristersson gorí àga. Hédi Fried, ìyá àgbà tó yè é ní Auschwitz, sọ ní gbangba pé Kristersson ṣèlérí fún òun ní 2018 pé kò ní bá ẹgbẹ́ yẹn ṣe. Ní ìparí 2019, ó jókòó ìpàdé pẹ̀lú olórí wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, Moderaterna ní 19.1, Sverigedemokraterna ní 20.5. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n fi ààfin àtijọ́ kan, Tidö, sọ lórúkọ. Kristersson di olórí ìjọba. Sverigedemokraterna kò ní mínísítà kankan, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ nínú ọ́fíìsì ìjọba tó ń bá wọn mójú tó àdéhùn náà. Hédi Fried kú ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìyí: Kristersson jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Moderaterna láti 1988 títí di 1992, nígbà tí Reinfeldt gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Lycksele. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wo nìyẹn? Èyí tí wọ́n kọ́ ní 1934, lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú ilé yẹn ló ṣí i.

Mo ka gbogbo èyí fún ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ lórí fóònù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Prof, ẹ má bínú o. Àwọn tó dìbò fún ẹgbẹ́ yẹn ju mílíọ̀nù kan lọ. Ṣé ìbò tiwọn kì í ṣe ìbò ni?" Ọ̀rọ̀ náà gún mi, torí ó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: 1934 àti 2022 kò rí bákan náà. Ní 1934, baba lé ọmọ bíbí inú rẹ̀ jáde, aṣòfin mẹ́ta péré ló sì bá a lọ. Ní 2022, aládùúgbò ni, àga rẹ̀ nílé aṣòfin jẹ́ 73, ti Moderaterna jẹ́ 68. O kò lè lé ẹni tí kò sí nílé rẹ. Sverigedemokraterna ní 2022 pàápàá kò rí bó ṣe rí ní 1988. Wọ́n ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò, àwọn fúnra wọn sì sanwó fún òpìtàn kan kó kọ ìtàn wọn.

Mo gbà. Àmọ́ mi ò lè gbà pé kò sí yíyàn mìíràn. Reinfeldt yan òmíràn, ó sì pàdánù ìjọba. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ilẹ̀kùn títì ní iye owó tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wọ ọ́fíìsì olórí ìjọba ló sì máa san án.

Níbi yìí ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ìwé Ziblatt, bí mo tilẹ̀ ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó tọ̀nà pé ètò ló ń mú kí olówó gbà láti tayò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ́ láti wọlé ìbò máa ń fẹ́ wọlé. Bí ètò rẹ̀ bá ṣe ń dára tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa rí gbogbo ọ̀nà tó wà, títí kan èyí tó gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn kọjá. Ètò lè kan ilẹ̀kùn tó nípọn, ó lè fi irin sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú ló ń pinnu, àti ohun tí ẹni náà ṣe tán láti pàdánù.

Mo ti mú yíǹkì pupa. Mo ti fa ìlà gba àárín gbólóhùn àtijọ́ yẹn kọjá, mo sì kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ẹgbẹ́ tí olórí rẹ̀ lè fara da ìjákulẹ̀ ló ń lè ti ilẹ̀kùn. Kò dùn ún há sórí tó ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ti àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un kọ sínú ìwé yín. Bí ẹ bá sì rí ibi tí èyí náà ti jò, ẹ pè mí. Mo ṣì wà níbí.

Ire o.